Ìtọ́jú Tó Bá Ènìyàn Nílé: Ìtàn Ọtí, Oògùn Olóró àti Ìwòsàn ní Barking and Dagenham

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Yorùbá tó ń gbé ìlà-oòrùn London ló gbà pé ẹni tí ọtí tàbí oògùn olóró ti di bárakú fún kò yẹ kó wà láàárín ìlú. Lójú wọn, ibi tó yẹ ẹ́ ni ibi tó jìnnà: ọgbà ẹ̀wọ̀n, ilé ìwòsàn tí wọ́n mọ odi yí ká, orí òkè àdúrà, tàbí abúlé bàbá rẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí káńsù bá ṣí ibi ìtọ́jú sí ìtòsí ọjà, wọ́n á ní àṣà tuntun tí òyìnbó gbé dé nìyẹn. Ìtàn ìjọba ìbílẹ̀ Barking and Dagenham já èrò yìí ní koro. Ó ti lé ní 140 ọdún tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti ń bá ọtí àti oògùn jà, kò sì sí ọ̀nà tí wọn ò tíì tọ̀: wọ́n ti wàásù, wọ́n ti ṣòfin, wọ́n ti kó ènìyàn lọ sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n ti dín ilé ọtí kù. Ohun tí mo rí nínú ìtàn náà ni pé ìtọ́jú tó bá ènìyàn níbi tó ń gbé, tó bá a wá nǹkan ṣe sí ìyà tó ń jẹ ẹ́, tó sì dúró tì í, òun ló ń so èso. Èyí tó kàn gba ìgò lọ́wọ́ ènìyàn, tàbí tó gbé e kúrò nílé, kì í tọ́jọ́.

Kí ilé àti ilé-iṣẹ́ tó gba gbogbo ilẹ̀, ìlú apẹja ni Barking. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ ìpẹja tó ń gba odò Roding jáde lọ sí Òkun Àríwá lé ní 200. Ìdílé Hewett ló ni ọ̀wọ́ ọkọ̀ tó lókìkí jù nínú wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Short Blue Fleet nítorí àsíá aláwọ̀ búlúù tó wà lórí òpó wọn. Samuel Hewett ló mú kí lílo yìnyín gbilẹ̀ nínú òwò náà: wọ́n á gé yìnyín lórí ilẹ̀ àbàtà tí omi ti dì sí nígbà òtútù, wọ́n á kó o pa mọ́, wọ́n á sì fi tọ́jú ẹja. Òun náà ló fẹsẹ̀ ètò kan múlẹ̀ tó jẹ́ pé ọkọ̀ ìpẹja á dúró sójú òkun fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí àwọn ọkọ̀ asáré mìíràn á sì máa gbé ẹja lọ sí ọjà Billingsgate. Èrè rẹ̀ pọ̀ fún ọlọ́kọ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ apẹja di ẹni tí kò ní ilé, kò ní dókítà, kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì rí ìyàwó àti ọmọ fún oṣù kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di ọdún 1860 sí 1870, àwọn ọkọ̀ náà ti kó lọ sí Gorleston ní etíkun Norfolk, nítorí pé reluwé mú kí ẹja tètè dé ọjà láti ibẹ̀, àmọ́ ilé-iṣẹ́ Hewett ṣì ní ibi ìtúnkọ̀ṣe ní Barking.

Àyè tó ṣí sílẹ̀ yìí ni àwọn ọkọ̀ ọlọ́tí tí wọ́n ń pè ní coper bá wọlé. Láti ilẹ̀ Netherlands, Belgium àti Jámánì ni wọ́n ti ń wá, tí wọ́n á máa tẹ̀lé àwọn apẹja káàkiri ojú òkun. Tábà olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi ń fa ènìyàn mọ́ra. Apẹja tó wá ra tábà á bá ọtí líle níbẹ̀, bí kò bá sì lówó lọ́wọ́, á fi ẹja san án. Bí ẹja bá tán, á fi àwọ̀n àti okùn ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀ san án. Àwọn kan mutí yó títí wọ́n fi ṣubú sínú omi. Ní 1881, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ebenezer Mather lọ wo bí nǹkan ṣe rí láàárín àwọn ọkọ̀ Short Blue lójú òkun, ohun tó rí níbẹ̀ ló sì bí ẹgbẹ́ aláàánú tí wọ́n pè ní Mission to Deep Sea Fishermen. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n rán jáde, Ensign, wọ òkun ní 1882.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú ọkọ̀ yẹn dáadáa. Bíbélì wà níbẹ̀, oníwàásù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ ni. Àmọ́ àpótí oògùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìwé kíkà wà, ìbọ̀wọ́ àti ìborùn onírun àgùntàn tí àwọn obìnrin hun ránṣẹ́ láti ilẹ̀ sì wà. Ìbọ̀wọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Aṣọ òjò líle tí apẹja ń wọ̀ a máa ha á ní ọrùn ọwọ́, omi iyọ̀ á wọ ojú ibẹ̀, á sì di egbò tí kò jinná. Ẹgbẹ́ náà tètè rí i pé ìwàásù nìkan kò lè gba apẹja lọ́wọ́ coper, nítorí pé tábà ló kọ́kọ́ ń gbé e lọ síbẹ̀. Wọ́n bá wá ọ̀nà láti máa ta tábà fún un fúnra wọn, ní iye tó rẹlẹ̀ ju ti coper lọ. Dókítà náà tẹ̀lé wọn, Wilfred Grenfell sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ìṣègùn bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn apẹja. Ẹnìkan lè sọ pé òfin ló lé coper lọ, kì í ṣe àánú. Òótọ́ ni pé àwọn ìjọba etí Òkun Àríwá fọwọ́ sí àdéhùn ní The Hague ní 1887 láti fòfin de títa ọtí líle fún apẹja. Ṣùgbọ́n ó di 1894 kí àdéhùn yẹn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ní gbogbo ọdún tó wà láàárín, ọkọ̀ aláàánú ló dúró ti àwọn apẹja. Òfin ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́; òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Lórí ilẹ̀ ní àkókò kan náà, ọ̀nà mìíràn ni ìjọba gbà. Òfin 1879 àti ti 1898 fàyè gba kíkó ọ̀mùtí lọ sí ilé àkànṣe, ti 1898 sì fún ilé ẹjọ́ lágbára láti rán an lọ tipátipá. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n rán lọ, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jẹ́ ìyá tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé kò tọ́jú ọmọ. Wọ́n gbé ìyá kúrò, ilé tó ti ń mutí ò yí padà, ọkọ ò yí padà, òṣì ò yí padà, ibẹ̀ náà ló sì padà sí. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó kásẹ̀ nílẹ̀, ètò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé tán.

Ìdánwò tó tún tóbi ju ìyẹn lọ ṣẹlẹ̀ ní Dagenham gan-an. Láàárín 1921 sí 1935, ìjọba ìlú London kọ́ nǹkan bí 26,000 ilé sí Becontree, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé wá síbẹ̀ láti àwọn àdúgbò tó há ní East End. Kò sí ilé ìjọba tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú kan níbikíbi láyé nígbà náà. Ìjọba fẹ́ kí ayé àwọn ènìyàn náà dára ní gbogbo ọ̀nà. Wọ́n fún ayálégbé kọ̀ọ̀kan ní ìwé òfin tó sọ fún un pé kó máa nu fèrèsé rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó sì máa tún ọgbà iwájú ilé rẹ̀ ṣe. Ní ti ọtí, wọ́n mú un le: ilé ọtí tí wọ́n gbà láyè kéré gan-an sí iye ènìyàn tó wà níbẹ̀, ìwọ̀nba tí wọ́n sì gbà láyè tóbi gbàràmù, wọ́n sì jìnnà síra wọn. Bí dídín ilé ọtí kù nìkan bá tó láti mú kí ayé ènìyàn gún, Becontree ni ì bá fi hàn wá.

Ìwádìí tí Terence Young ṣe níbẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1934, fi hàn pé ilé wà, ṣùgbọ́n àdúgbò kò tíì sí. Ìyá tó ti máa ń gbé ọmọ ti ìyá tirẹ̀ ní Poplar tàbí Stepney kí ó tó lọ síṣẹ́ wá di ẹni tó dá wà ní Dagenham. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló kó padà lọ. Ìgbà tí Peter Willmott ṣe ìwádìí mìíràn ní Dagenham, tó sì tẹ ìwé jáde ní 1963, ló rí i pé àwọn ọmọ àwọn tó kọ́kọ́ kó wá ti dàgbà, wọ́n ti ń gbé nítòsí òbí wọn, ẹbí àti ará ti tún hù. Ó gba nǹkan bí ogójì ọdún. Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ìtọ́jú: ìdí tí ẹnìkan fi lè jáwọ́ nínú ọtí ni pé ẹlòmíràn wà tó ń retí rẹ̀ nílé, tàbí tó ń retí rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ní Dagenham, ibi iṣẹ́ yẹn ni Ford. Ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ọkọ̀ ní 1931. Nígbà tó fi di 1953, nǹkan bí 40,000 ènìyàn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2002, wọ́n dáwọ́ kíkó odidi ọkọ̀ pọ̀ dúró, àmọ́ wọ́n ṣì ń ṣe ẹ́ńjìnnì níbẹ̀. Mi ò sọ pé ìdádúró iṣẹ́ yẹn ló mú heroin wọ Dagenham. Heroin ti tàn káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí oògùn dé, ohun tí ènìyàn lè dì mú ti ń yẹ̀ lọ. Ní ìwọ̀n òṣì tí ìjọba gbé jáde ní 2019, Barking and Dagenham ló wà lókè pátápátá láàárín àwọn ìjọba ìbílẹ̀ London.

Ètò ìtọ́jú oògùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rìn sẹ́yìn rìn síwájú. Ní 1926, ìgbìmọ̀ Rolleston gbà pé dókítà lè fún ẹni tí morphine tàbí heroin ti di bárakú fún ní oògùn náà níwọ̀nba, gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú. Dókítà àdúgbò ló ń ṣe é. Nígbà tí àwọn tó ń lò ó pọ̀ sí i ní àwọn ọdún 1960, ìjọba gba agbára yẹn lọ́wọ́ dókítà àdúgbò, wọ́n sì ṣí àwọn kíńníkì àkànṣe sí ilé ìwòsàn ńlá ní 1968. Ìtọ́jú tún di ohun tí ènìyàn ń rìnrìn àjò lọ bá. Kòkòrò àrùn HIV ló yí èyí padà. Ní 1988, ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn sọ pé ewu HIV fún ìlú ju ewu oògùn fúnra rẹ̀ lọ, nítorí náà, ẹ bá àwọn ènìyàn náà níbi tí wọ́n wà, ẹ fún wọn ní abẹ́rẹ́ tó mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n bá jáwọ́. Láti ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ti padà sí àdúgbò, sí ọwọ́ dókítà ìtòsí àti kẹ́míìsì ìtòsí.

Ẹni tó bá wọ kẹ́míìsì ní òwúrọ̀ ní Barking tàbí Dagenham lè rí i bí ó ṣe ń lọ, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń rí i. Ẹnìkan á wọlé, apoògùn á mọ̀ ọ́n lórúkọ, á mú un bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lórí ìwé oògùn aláwọ̀ búlúù ni orúkọ rẹ̀ wà. Wọ́n á wọn methadone, oògùn olómi aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń rọ́pò heroin, sínú ife kékeré. Á mu ún níṣojú apoògùn, á mu omi díẹ̀ lé e, wọ́n á sì bá a sọ̀rọ̀ kó lè dáhùn, kí wọ́n mọ̀ pé ó ti gbé e mì. Ó lè má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn, ẹnìkan tó jẹ́ oníṣẹ́ ìlera ti wo ojú rẹ̀, ó ti mọ̀ bóyá ó sùn, bóyá ó jẹun, bóyá ó ti mutí.

Àtakò tí mo gbọ́ jù nìyí: ṣé kì í ṣe pé a gba oògùn kan, a fi òmíràn rọ́pò ni? Ìbéèrè gidi ni, kò yẹ ká fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Methadone náà ń di bárakú, ẹni tó bá sì mu ún ju ìwọ̀n lọ lè kú. Ṣùgbọ́n ìwádìí láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti fi hàn léraléra pé ẹni tó wà lórí methadone tàbí buprenorphine, oògùn mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, kì í tètè kú bí ẹni tó kúrò lórí rẹ̀. Ìgbà tó léwu jù fún ẹni tó ń lo heroin ni ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tó bá jáde kúrò lẹ́wọ̀n tàbí níbi tí wọ́n ti fọ oògùn kúrò lára rẹ̀: ara rẹ̀ kò gba ìwọ̀n àtijọ́ mọ́, òun sì tún lo ìwọ̀n àtijọ́. Ó ti mọ́ lóòótọ́, mímọ́ yẹn ló sì pa á, nítorí pé kò sí ẹni tó dúró tì í lẹ́yìn náà. Àwọn aládùúgbò náà ní àtakò tiwọn, pé ibi ìtọ́jú ń kó olè wá. Ìwádìí NTORS, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995, tó sì tẹ̀lé ènìyàn 1,075 tó ń gba ìtọ́jú, rí i pé olè jíjà wọn dín kù gidigidi lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, àti pé owó kọ̀ọ̀kan tí ìlú ná padà wá ní ìlọ́po mẹ́ta. Àwọn ènìyàn náà ti wà ní àdúgbò tẹ́lẹ̀. Ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀ ni ìtọ́jú.

Láti oṣù Kẹrin 2013, iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ káńsù kọ̀ọ̀kan, kò sí lábẹ́ NHS tààrà mọ́. Káńsù ló ń gbé e fún ẹgbẹ́ aláàánú bíi Change Grow Live, tó ti ṣe é ní Barking and Dagenham. Nínú èrò tèmi, ìpinnu náà dára, nítorí káńsù ló ni ilé, ló mọ ilé ẹ̀kọ́, ló mọ àdúgbò. Ìjọba àpapọ̀ ló ba á jẹ́ nígbà tí wọ́n ń gé owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tí Carol Black, tí ìjọba ní kó yẹ ètò náà wò, parí àyẹ̀wò rẹ̀ ní 2021, ó sọ gbangba pé ètò náà ti bàjẹ́, ó sì fẹ́ àtúnṣe kíákíá. Ó béèrè owó, ó sì béèrè ilé àti iṣẹ́ fún àwọn tó ń gbádùn bọ̀. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni ìjọba ṣèlérí £780 mílíọ̀nù fún ìtọ́jú. Ẹ̀kọ́ ìbọ̀wọ́ apẹja náà nìyẹn, tí wọ́n tún fi owó ńlá kọ́.

Ọ̀rọ̀ wá kan àwa Yorùbá. Ní ìkànìyàn 2001, àwọn tó ń gbé Barking and Dagenham kò tó 164,000. Ní 2021 wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 219,000, ó sì lé ní ìdá kan nínú márùn-ún wọn tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú wọn. Ní ilé wa, bí ọmọ bá ń mu igbó tàbí tó bọ́ sọ́wọ́ oògùn, ìdájọ́ tó máa ń kọ́kọ́ wá ni pé ká dá a padà sílé. Àwọn tó ń gbèjà ìdájọ́ yìí ní ẹ̀rí tó dà bíi pé ó lágbára: àwọn sójà Amẹ́ríkà tí heroin di bárakú fún ní Vietnam, tí Lee Robins tẹ̀lé nígbà tí wọ́n padà délé láti 1971. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, nǹkan bíi márùn-ún péré ni bárakú náà tún padà mú láàárín ọdún kìíní. Ẹ ò rí i, wọ́n á ní, pé yíyí ibùgbé padà ló wò wọ́n sàn? Àmọ́ ilé ni àwọn sójà náà ń padà sí, sọ́dọ̀ ìyá, ìyàwó, ọ̀rẹ́ àti iṣẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí sí Dagenham tí wọ́n rán lọ sí Ìbàdàn, ojú ogun ni wọ́n rán an lọ, kì í ṣe ilé. Oògùn kò sì jìnnà sí i níbẹ̀. Ìwádìí tí UNODC, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, àti ìjọba Nàìjíríà ṣe ní 2018 rí i pé nǹkan bíi 14.3 mílíọ̀nù ènìyàn ló lo oògùn nílòkulò láàárín ọdún kan, ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ilẹ̀ wa, ló sì pọ̀ jù: 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún.

Bí a bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ láti ilé, ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ní Abẹ́òkúta ló yẹ ká wò. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, kò ti ilẹ̀kùn mọ́ aláìsàn ọpọlọ. Ó ní kí wọ́n máa gbé ilé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, ó sì fi dandan lé e pé kí ẹbí kan tẹ̀lé aláìsàn wá, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa mú un wá gba ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn yá àwọn ará abúlé lówó láti fi yàrá kún ilé wọn, ó sì fa omi fún wọn, kí àlejò má bàa di ẹrù lé wọn lórí. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òfin 1959 tó darí ìtọ́jú ọpọlọ sí àdúgbò. Àrùn ọpọlọ ni Lambo ń wò, kì í ṣe ọtí àti oògùn nìkan, mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tó gbé kalẹ̀ kan náà ni: ẹbí kò fi aláìsàn sílẹ̀, aládùúgbò sì rí ìrànlọ́wọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá pe ìtọ́jú àdúgbò ní àṣà òyìnbó kò mọ ìtàn Abẹ́òkúta.

Ó ku ọ̀rọ̀ àdúrà. Kò sí ìjà láàárín àdúrà àti ìtọ́jú. Àwọn ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1935, tó sì dé London ní 1947, ti ń pàdé nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ pípẹ́. Ewu tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ yé gbogbo olórí ìjọ. Ẹni tó ti ń mutí lámujù lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́, bí wọ́n bá gbé e lọ sí orí òkè fún ààwẹ̀ tí ọtí sì dúró lójijì, gìrì lè gbé e, ó sì lè kú. Dókítà ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí ó tó dáwọ́ dúró.

Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ìmáàmù tí ẹ ní gbọ̀ngàn ní Barking, ní Dagenham, ní Becontree, ẹ pe àwọn oníṣẹ́ ìtọ́jú wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kí wọ́n wá kọ́ àwọn ọmọ ìjọ yín bí a ṣe ń lo naloxone láti jí ẹni tí heroin ti gbé ṣubú. Ẹ̀yin òbí, ẹ má dúró títí ọlọ́pàá á fi kan ilẹ̀kùn. Ọmọ náà lè lọ fúnra rẹ̀, ẹ sì lè bá a lọ. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú náà, kò sì nílò ìwé láti ọ̀dọ̀ dókítà.